Àwọn Ike Tí Mo Kó Dànù Nítorí Àlejò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ojo tí mo jẹ́, kó wò mí lọ́jọ́ tí mo bá gbọ́ pé àwọn ọ̀mọ̀wé fẹ́ wá wo ilé wa. Mi ò bẹ̀rù ejò. Mi ò bẹ̀rù òpópónà ńlá tó já sí àárín Atlanta, níbi tí ọkọ̀ àjàgbé ti ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bíi pé ilé ló ń sáré. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan tó mú bírò lọ́wọ́ sọ pé òun ń bọ̀ nílé mi, ọwọ́ mi á máa wá nǹkan tí yóò nù. Ìwé mẹ́fà ni mo kà tí mo kà tán. Ti sẹ́kọ́ńdírì tí mo bẹ̀rẹ̀, òun ló kọ̀ mí, èmi kọ́ ni mo kọ̀ ọ́. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀, tó tún ń kọ ìdáhùn sílẹ̀, ti ń bà mí.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ló kó irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ wá bá mi. Yunifásítì kan l'Ábẹ́òkúta ló ń lọ. Ohun tó ń kọ́ níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àyíká: bí omi ṣe ń bàjẹ́, bí ilẹ̀ ṣe ń ṣá, ibi tí ìdọ̀tí ń lọ lẹ́yìn tí a bá ti gbé e kúrò lójú ara wa. Ilé-ìwé kan ní Atlanta pe òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan láti ìlú oríṣiríṣi pé kí wọ́n wá lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n kọ́ bí èèyàn ṣe lè jẹ ayé láì jẹ ti ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ́ ọn. Àárín ìlú ni wọ́n fi wọ́n wọ̀ sí. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, mo máa ń lọ gbé e wá sílé wa ní Lilburn, kó lè jẹ oúnjẹ tó ní ata nínú.

Èmi àti ìyàwó mi nìkan ló kù nílé náà. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Èmi ń wa bọ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé àwọn arúgbó lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àwọn ọmọ ti dàgbà, wọ́n ti kó lọ. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo tí wọ́n sì ń fi kàn wá láti kékeré wọn ni ọ̀rọ̀ ike. Ìyàwó mi kì í da ike nù. Ike áísíkiriìmù, ike bọ́tà, ike yógọ́ọ̀tì, tí a bá ti jẹ ohun inú wọn tán, á fọ̀ wọ́n, á sá wọn, á tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni tó ń to ẹrù ìyàwó. Tí o bá ṣí fíríìsà wa, wàá rò pé áísíkiriìmù la ń tà. Ṣí ọ̀kan wò: ẹ̀gúsí ni. Ṣí èkejì: ọbẹ̀ ata. Àwọn ọmọ mi ti sunkún nídìí ike yẹn rí, ó sì tó ohun tí èèyàn ń sunkún sí.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni a fi náílọ́ọ̀nù kan kọ́ sí, inú rẹ̀ kún fún náílọ́ọ̀nù mìíràn, gbogbo èyí tí a ti gbà ní ṣọ́ọ̀bù láti ọdún gbọọrọ. Lẹ́yìnkùlé, àgbá kan wà tó ń gba omi òjò láti orí òrùlé. Ó tún ní igun kan tí ìyàwó mi ń da èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí kó jẹrà, òun ló fi ń bọ́ ewúro àti tẹ̀tẹ̀ rẹ̀. Okùn ìsáṣọ náà wà níbẹ̀, a so ó mọ́lẹ̀ sẹ́yìn igi, torí pé ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa kò fẹ́ rí ṣòkòtò ẹnikẹ́ni nínú afẹ́fẹ́.

Kí n má parọ́, ojú máa ń tì mí nítorí nǹkan wọ̀nyí. Bí àwọn ará ìjọ wa láti Snellville bá yà kí wa, èmi ni mo máa ń lọ gbé omi, kí ẹlòmíì má bàa ṣí fíríìjì. Èèyàn ti rin ìrìn àjò bí èyí tí mo rìn, ó wá ń fi ike bọ́tà gbé ẹ̀wà. Lójú tèmi, òṣì tí a ti sá fún nílé ló tún tẹ̀ lé wa dé ibí, tó wọ fíríìsà, tó dákẹ́ síbẹ̀.

Sátidé àkọ́kọ́ tí ọmọ yìí wá, ó ṣí fíríìsà, ó bú sẹ́rìn-ín. Mo jókòó sí pálọ̀, mo ń díbọ́n pé bọ́ọ̀lù ni mò ń wò. Mo gbọ́ tó ń béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi pé ọdún mélòó ni ike aláwọ̀ búlúù yẹn ti pé nínú ilé. Mo gbọ́ tí ìyàwó mi ń ṣàlàyé tayọ̀tayọ̀, bí ẹni tí wọ́n ń bi nípa ọmọ rẹ̀ tó gboyè. Ọmọ náà jáde sẹ́yìnkùlé, ó ya fọ́tò àgbá, ó ya fọ́tò èèpo iṣu. Mo ní nínú mi pé ó tán, ọmọ yìí yóò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ dé Abẹ́òkúta.

Sátidé kejì ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Olúkúlùkù wọn ni wọ́n ní kó yan ilé kan, kó wo bí wọ́n ṣe ń lo nǹkan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, tíṣà wọn àti àwọn yòókù yóò wá sí ilé náà, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì mú wọn yí i ká. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yan ilé ńlá tó ń fi oòrùn tan iná. Ó ní tiwa ni òun yàn. Ó sọ fún mi pé bí iṣẹ́ náà bá yege, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òun l'Ábẹ́òkúta yóò gbà á gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣekágbá. Bí kò bá yege, òun yóò tún ọdún náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Àbúrò mi ló ń dá sanwó ilé-ìwé rẹ̀.

Nígbà tí mo ń gbé e padà sí àárín ìlú, ó ní, "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún nǹkan kan ṣe. Bó ṣe wà yìí ni mo fẹ́ kí wọ́n bá a."

Mo ní kò burú.

Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, àlejò tó bá ní kí o má ṣe wàhálà, wàhálà gan-an ló ń tọrọ. Mo rántí bàbá kan tó yà sọ́dọ̀ ìyá mi, tó ní omi lásán ti tó òun. Ìyá mi bu omi fún un, ó sì wọ ẹ̀yìn ilé lọ pa adìyẹ. Bàbá náà jẹ adìyẹ yẹn tán, ó tún ń pariwo pé ìyá mi kò gbọ́ràn. Bó ṣe ń pariwo ló ń fá egungun. Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn: àlejò á kọ̀, onílé á ṣe é. Onílé tó bá gba ọ̀rọ̀ àlejò gbọ́, ahun ni wọ́n ń pè é. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ àbúrò mi sọ pé kí n má tún nǹkan kan ṣe, mo gbọ́ ọ yékéyéké. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n tún ilé ṣe.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú kí wọ́n dé, mi ò lọ síbi iṣẹ́. Ìyàwó mi gba ṣíìfìtì méjì pọ̀ ní ọsibítù, kò ní dé títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo gbé náílọ́ọ̀nù ńlá dúdú jáde, mo bẹ̀rẹ̀ láti kọ́bọ́ọ̀dù. Bí mo ṣe ń kó ike ni ẹ̀rù ń kó mi. Mo ń fọkàn ya àwòrán tíṣà òyìnbó náà: ó dúró níwájú mi, ó gbé ike bọ́tà sókè, ó ń bi mí pé kí ni èyí. Mo ń dá a lóhùn sókè, nínú ilé èmi nìkan, pé aládùúgbò ló fi pamọ́ sọ́dọ̀ wa. Aládùúgbò wa ọ̀tún ni mo kọ́kọ́ purọ́ mọ́. Nígbà tí mo dé fíríìsà, mo ti ń purọ́ mọ́ ti òsì.

Mo da ọbẹ̀ sínú àwo aláwọ̀ fàdákà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń lò ó. Mo já náílọ́ọ̀nù ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo ṣán ẹ̀yìnkùlé, mo kó èèpo iṣu tó ti di dúdú, mo tú okùn aṣọ, mo yí àgbá dé orí ọkọ̀ akẹ́rù tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan. Gbogbo rẹ̀ ni mo kó lọ sí ibi tí àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀ wa ń da ìdọ̀tí sí. Mo ń wo ẹ̀yìn bí olè. Láti ibẹ̀ ni mo gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Mo ra omi inú ìgò kéékèèké, páálí lórí páálí. Mo ra abọ́ páálí, ife ike pupa, fọ́ọ̀kì ike, aṣọ tábìlì onínáílọ́ọ̀nù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tan gbogbo iná ilé nígbà tí oòrùn ń ràn. Mo yí ẹ̀rọ amúlétutù sísàlẹ̀ títí fèrèsé fi ń làágùn. Ìyàwó mi ti ibi iṣẹ́ dé, oorun ti gbé e tán kó tó dé orí àtẹ̀gùn, kò wo ọ̀tún kò wo òsì, ó wọ yàrá. Mo dúró láàárín pálọ̀. Ilé mi wá jọ ilé ẹni tí kò jẹun rí.

Wọ́n dé nínú bọ́ọ̀sì kan. Obìnrin òyìnbó ni tíṣà náà, irun rẹ̀ funfun, sálúbàtà ló wọ̀. Ó gbé ìgò irin dání, omi ló bù sínú rẹ̀ láti ilé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà gbé ti ara wọn. Èyí ìbá ti là mí lójú, ṣùgbọ́n mo rò pé òùngbẹ ń gbẹ wọ́n. Mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìgò omi kan. Wọ́n gbà á, wọ́n dúró, ìgò lọ́wọ́ ọ̀tún, ìgò lọ́wọ́ òsì, bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ fún lójijì.

Ọmọ àbúrò mi kò tíì rí nǹkan kan. Inú rẹ̀ dùn, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ bó ṣe jẹ́ pé nínú ilé yìí, nǹkan kì í tètè kú. Èyí tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ nìyẹn. Ó kó wọn wọ ilé ìdáná. Ó ṣí fíríìsà, àwo fàdákà ló tò síbẹ̀. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, abọ́ páálí ló wò ó padà. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

"Uncle, àwọn ike aunty dà?"

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. "Fọkàn balẹ̀. Mo ti kó gbogbo ẹ̀ dànù."

"Àgbá omi ńkọ́?"

"Òun náà ti lọ. Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n fojú òtòṣì wo ìdílé wa."

Mo rí ojú rẹ̀, mo sì rí i pé ojú tí èèyàn fi ń wo ilé tó jóná ló fi ń wo ilé ìdáná mi. Ìgbà náà ni ó tó wọ̀ mí lára, láti ẹsẹ̀ wá sókè, pé àlejò yìí kò ṣe bí àlejò. Ohun tó sọ ni ohun tó ní lọ́kàn.

Tíṣà béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé òun lòun ní kí Uncle òun tún ilé ṣe, pé òun ni òun kò lóye iṣẹ́ tí wọ́n fún òun dáadáa, kí wọ́n má bínú. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. Ó gba ẹ̀ṣẹ̀ mi, ó fi sórí ara rẹ̀ níwájú gbogbo wọn, torí ọmọ tí a kọ́ kì í tú àṣírí àgbà lójú àlejò.

Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi lè tún ọ̀rọ̀ náà ṣe wà lẹ́nu mi. Kò ju gbólóhùn kan lọ. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé mo bi tíṣà bóyá yóò tún mu omi.

Wọn kò pẹ́ tí wọ́n fi lọ. Ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀, ó wá nǹkan tó máa fi gbé ọbẹ̀ kaná. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó pa á dé, ó tún ṣí i. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un, mo ń wo ilẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn béèrè pé, "Ṣé ẹ rántí kó ara yín mọ́ wọn?"

Nígbà tí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo sáré padà sí ibi ìdàlẹ̀sí náà. Ọkùnrin tó wà lẹ́nu géètì bi mí ohun tí mò ń wá. Mo ní ike áísíkiriìmù. Ó wò mí pẹ̀lú àánú, ó ní ohun tó bá ti wọ inú ibẹ̀ kì í jáde mọ́.

Ọmọ náà kò pè mí fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Nígbà tó pè, ó kí mi dáadáa, ó kí mi ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Ó ṣàlàyé pé fọ́tò tí òun ti yà kò bá ohun tí tíṣà fojú rí mu. Tíṣà ní kó jókòó, kó sọ òótọ́, torí iṣẹ́ tó dá lórí ilé tí ẹnikẹ́ni kò rí, òun kò lè fún un ní máàkì. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni pé kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, bí ìbẹ̀rù àlejò ṣe sọ ilé tí kì í da nǹkan nù di ilé tó da gbogbo nǹkan nù. Ó lè fi ìyẹn ṣe iṣẹ́ rẹ̀, tí ẹnì kan láti ilé náà bá lè wá jẹ́rìí sí i lọ́jọ́ tí wọn yóò sọ ọ́.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín ni, Uncle. Tí ẹ bá ní rárá, mi ò ní sọ ọ́. Màá tún ọdún náà ṣe."

Mo ní kó jẹ́ kí n pè é padà.

Mo jókòó sínú ọkọ̀ nínú gáráàjì mi. Mo ronú kan obìnrin kan nínú ìjọ wa, ará Grayson, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé yẹn gan-an. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé etí rẹ̀, yóò dé ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú mi, yóò ti jókòó sórí àga tí mo máa ń jókòó sí. Mo tilẹ̀ ti ń wá ohun tí màá sọ: pé kò ní bójú mu, pé ìyá rẹ̀ kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ọdún kan kì í ṣe nǹkan. Mo wọlé, mo gbé ọ̀rọ̀ náà ka iwájú ìyàwó mi pẹ̀lú gbogbo àwáwí yẹn. Ó ń gé ẹ̀fọ́ lọ. Kò gbójú sókè.

"Ọmọ yẹn ti bá yín wọ ìtìjú yín lẹ́ẹ̀kan," ó ní. "Ṣé ẹ tún fẹ́ kó wọ̀ ọ́ délé?"

Mo pè é. Mo ní kó sọ ọ́. Ó ní ṣé gbogbo ẹ̀? Mo ní gbogbo ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ nílé-ìwé, mo wọ aṣọ tí mo máa ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, èyí sì jẹ́ àṣìṣe mìíràn, torí ṣòkòtò péńpé ni gbogbo wọn wọ̀. Mo jókòó sẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tó kan ọmọ àbúrò mi, ó kọ́kọ́ fi fíríìsà ìyàwó mi hàn wọ́n lára ògiri, pẹ̀lú ike rẹ̀ gbogbo. Ó fi ewúro hàn. Ó wá fi fọ́tò kan hàn tí mi ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni yà. Èmi ni. Mo dúró nílé ìdáná níwájú òkè ìgò omi, mo tẹ́wọ́ bí ọlọ́jà, gbogbo eyín mi ló wà níta. Inú mi dùn nínú fọ́tò yẹn ju bó ṣe dùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín burúkú. Ó dùn mí síbẹ̀. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún wọn ohun tí "ẹ má ṣe wàhálà" jẹ́ nílẹ̀ wa, bí onílé ṣe gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, àti pé òun tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà gbàgbé bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun ń sọ ọ́.

Tíṣà wo ẹ̀yìn. Ó béèrè bóyá ẹni tó wá láti ilé náà lè sọ̀rọ̀.

Mo dìde, mo fi ọwọ́ di àga iwájú mú. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì tí mo ní sọ ọ́, èyí tí mo ti ń kọ́ láti Lilburn dé ibẹ̀ tí mo sì gbàgbé ìdajì rẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo ní ọmọ yìí sọ fún mi pé kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo ní èmi ni mo kó wọn dànù, òun kọ́. Mo ní nígbà tó purọ́ fún yín nílé mi, mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ọ, mo sì dákẹ́, ẹ̀rù yín ló ń bà mí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Mo jókòó. Òógùn ti mú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi mọ́ mi lẹ́yìn.

Iṣẹ́ náà yege. Tíṣà ló sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà, mo rí i tó ń fi ọwọ́ bo ojú.

Mo fi ọkọ̀ gbé e, a kọrí sí Lilburn. Mo ń retí kó bá mi wí díẹ̀, kí ara lè tù mí. Nígbà tó yá, ó ní, "Uncle, ẹ ṣé gan-an tí ẹ wá." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tọkàntọkàn, bí ẹni tí mo ṣe lóore. Mo tẹjú mọ́ ọ̀nà. Nínú gbogbo ohun tó kàn mí lọ́rọ̀ yìí, ọpẹ́ yẹn ni mi ò tíì mọ ibi tí mo lè gbé e sí.